Eré Eléwu: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Sábà Ń Bi Wá Lórí Bí Ojú Èèyàn Ṣe Ń Wo Ewu

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Ìjùmú, Ọ̀wẹ́, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó ń gun àpáta, ẹni tó ń fi ọ̀kadà dárà, ẹni tó ń ronú àtifò láti inú bàálù lọ́jọ́ kan, àti òbí tó ń wò wọ́n tí àyà rẹ̀ ń já. A ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe é. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rù tó ń bà yín àti ewu tó wà níwájú yín kì í sábà dọ́gba, ibi tí wọn ò ti dọ́gba yẹn sì lèèyàn ti ń kú.

Irú eré wo lẹ ń pè ní eléwu?

Èyí tí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ tó láti gbẹ̀mí. Lórí pápá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ lè yẹ̀, orúnkún sì lè dánilóró fún ọdún mélòó kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń retí òkú níbẹ̀. Fífi párásúùtù fò láti inú bàálù, fífi í fò láti orí bèbè òkè tàbí afárá (èyí ni wọ́n ń pè ní BASE), gígun àpáta láìlo okùn, fífi alùpùpù fò: wọn kì í fúnni láyè àtúnṣe. Lọ́dọ̀ wa kò sí yìnyín, pápá párásúùtù náà kò sí, ṣùgbọ́n àpáta pọ̀, odò wà, ọ̀kadà ò sì lóǹkà. A tún ń ka ẹlẹ́mu mọ́ wọn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni tiẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lára àpáta.

Kí ló dé tí ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù kì í fi í ṣe ohun tó ń pa wá jù?

Nítorí pé ara ló ń kọ́kọ́ dáhùn sí ewu, ìṣirò ń bọ̀ lẹ́yìn, bó bá tilẹ̀ wá. Ní 1987, Paul Slovic, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé nǹkan méjì ló ń sọ ewu di ńlá lójú aráyé. Èkíní ni kí ikú inú rẹ̀ jẹ́ irú tó ń múni gbọ̀n rìrì, tí ìjánu rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹni. Èkejì ni kó jẹ́ ohun àjèjì, tí a ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó bá ti mọ́ wa lára, tí a sì gbà pé apá wa ká, á kéré lójú wa bó ti wù kó pọ̀ tó.

Kí Slovic tó kọ tiẹ̀, Chauncey Starr, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ti sọ ní 1969 pé ewu tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ó lè fara mọ́ ọn dé nǹkan bí ìlọ́po 1,000 èyí tí ẹlòmíì gbé kà á lórí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́kùnrin kan á fi máa bínú pé omi àdúgbò kò mọ́, tí á sì gun ọ̀kadà láìdé akoto lọ fẹjọ́ sùn.

Ṣé ewu ṣeé wọ̀n ni?

Ó ṣeé wọ̀n. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní micromort, Ronald Howard ti Yunifásítì Stanford ló dá a sílẹ̀. Micromort kan ni kí ó ṣeé ṣe kí èèyàn kan kú nínú mílíọ̀nù kan tó ṣe ohun kan náà.

Ẹ wo bí àwọn nọ́ńbà ṣe rí. Ní 2023, USPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi párásúùtù fò ní Amẹ́ríkà, ka ikú 10 nínú fífò tó lé ní mílíọ̀nù 3.6. Kò tó micromort 3 fún fífò kan. Ní òkè Kjerag ní Norway, láàárín 1995 sí 2005, wọ́n fo BASE ní ìgbà 20,850, èèyàn 9 sì kú. Ìyẹn jẹ́ ikú kan nínú fífò 2,317, micromort tó lé ní 430. Lójú ẹni tó dúró sílẹ̀ tó ń wòran, eré kan náà ni méjèèjì. Ọ̀kan fi ìlọ́po tó lé ní 100 pani ju èkejì lọ.

Wàyí o, ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi alùpùpù sí micromort kan fún nǹkan bíi kìlómítà 10, ó sì fi mọ́tò sí ọ̀kan fún nǹkan bíi 370. Láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja ń lọ bíi kìlómítà 80. Ẹni tó bá fi ọ̀kadà rin ìrìn yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti gbé nǹkan bíi micromort 8 lé orí ara rẹ̀, ìyẹn sì ju fífò láti inú bàálù lọ. Òpópónà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀ o! Kò sí tírélà sìmẹ́ńtì láti Ọ̀bájànà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ará ilé èyí tó léwu jù nínú méjèèjì, párásúùtù ni wọ́n á dárúkọ.

Mo ti gun àpáta yìí láìmọye ìgbà, kò sì ṣe mí ní nǹkan. Ṣé kò túmọ̀ sí pé kò séwu?

Ìbéèrè yìí la gbà jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ sí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Ẹ padà sí Kjerag. Nínú fífò 2,317, ìgbà 2,316 ni afò náà délẹ̀ láyọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò sí ohun tó kọ́ ọ pé ewu wà. Àìsí jàǹbá kò fi hàn pé ọ̀nà tí a gbà ṣe é dára. Ó fi hàn pé ti ọjọ́ yẹn kọjá ni. Bí ẹnì kan bá wá ń fò bẹ́ẹ̀ títí ó fi pé ìgbà 100, ó ti di nǹkan bí ẹnì kan nínú 24 tí kò ní padà wálé. Ewu ẹ̀ẹ̀kan kéré, àmọ́ ó ń kó jọ. Ẹ̀rù kì í kó jọ ní tiẹ̀, ńṣe ló ń dín kù. Bí ewu ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ara ń balẹ̀ sí i.

Ohun kejì ni pé ìmọ̀ọ́ṣe ń bí àìkíyèsí. Ní 1989, Lynn Hill, ọ̀kan lára àwọn agunkè tó dáńtọ́ jù láyé nígbà náà, lọ gun àpáta ní Buoux ní ilẹ̀ Faransé. Ó ki okùn bọ inú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, kó tó ta kókó parí ó yà sídìí bàtà rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń lọ láàárín òun àti ẹlòmíì. Jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ bo ibi tí kókó yẹ kó wà. Ó gun ibẹ̀ dókè láìsí wàhálà, nítorí gígun kò le fún un. Ìgbà tó fẹ̀yìn ti okùn pé kí wọ́n máa sọ òun kalẹ̀ ló já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 22. Igi kan ló gbà á dúró díẹ̀, ló fi yè é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ì bá ti wo kókó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹ̀rù ń bà á.

Bákan náà ló rí fún ẹlẹ́mu. Ọmọ tó ń kọ́ ọ á fa igbà rẹ̀ wò kó tó gbẹ́sẹ̀. Ọ̀gá á kàn jù ú yí ọ̀pẹ, á sì máa gòkè. Igbà kì í sábà já láàárín. Ibi tó ń ha ara èèpo ọ̀pẹ lójoojúmọ́ àti ẹ̀gbẹ́ kókó ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ níbi tí ojú ò tó. Ẹ yí i po, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ibi méjèèjì yẹn, kí ẹ sì fi gbogbo ìwúwo ara yín fẹ̀yìn tì í nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Olùwádìí kan, Ian McCammon, yẹ jàǹbá 715 wò, ti àwọn tí yìnyín òkè ya lù ní Amẹ́ríkà láàárín 1972 sí 2003. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ wà lára wọn, níbi tó bá sì ti mọ́ wọn lára, wọ́n ń rìn wọ inú ewu tí wọn kì bá wọ̀ ní ibi àjèjì. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé a lè gun àpáta kan tán, kí ó wá di pé a ò lè sọ̀?

Ìdí méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti ojú, èkejì jẹ́ ti àpáta fúnra rẹ̀.

Ti ojú: Jeanine Stefanucci àti Dennis Proffitt, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn pé ẹni tó wà lókè tó ń wolẹ̀ máa ń rí gíga náà bí èyí tó pọ̀ jù bó ṣe wà lọ. Ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń wòkè kì í ṣì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù gíga bá sì ń bà jù, tirẹ̀ tún ń ga jù. Nígbà tí ẹ dúró sísàlẹ̀, ẹ ní “èyí kò tó nǹkan.” Nígbà tí ẹ dókè tí ẹ wolẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹsẹ̀ le, ẹ sì fara lẹ̀ mọ́ àpáta. Fífara lẹ̀ yẹn ló wá léwu, torí pé nígbà tí ara bá sún mọ́ àpáta, ẹsẹ̀ á máa ti síta, á sì yọ̀. Lórí àpáta dídán, ìwúwo ara gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ́lẹsẹ̀, kí ìdí sì jìnnà sí òkúta díẹ̀.

Ti àpáta: púpọ̀ nínú àpáta ilẹ̀ wa, irú àwọn tó yí Ògìdì ká, orí wọn rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń dà sísàlẹ̀. Orí òkè tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ túbọ̀ ń dà gẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀ láti ibi tí kò gbà gòkè kò ní rí iwájú. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kàn le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí èyí tó dá yàtọ̀ débi tí á fi sọ fún un pé “padà.” Ìgbà tó bá fi máa mọ̀, yíyípadà ti le ju lílọ lọ. Ẹ tún fi ti ewé wẹ́wẹ́ dúdú tó ń hù lára òkúta kún un: nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ẹsẹ̀ ń dì í mú, bí òjò bá fọ́n sí i, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Pẹ́pẹ́ òkúta tó ń ṣí kúrò lára àpáta náà wà. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án kí ẹ tó dì í mú, bó bá dún bí ohun tó ṣófo, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè ni kí ẹ gbà sọ̀, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sí i bí ẹ ti ń lọ. Ní gbogbo nǹkan bíi mítà 3, ẹ gbìyànjú àtisọ̀ ìṣísẹ̀ méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ibẹ̀ ni òpin ìrìn ọjọ́ yẹn. Ìjábọ́ mítà 10 kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 1.4 lọ, èèyàn á sì fi eré tó tó kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan kanlẹ̀.

Ṣé àwọn ògbóǹtarìgì kì í bẹ̀rù ni?

Púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù. Alex Honnold, agunkè ará Amẹ́ríkà tó gun àpáta gíga El Capitan láìlo okùn ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, 2017, wà lára àwọn díẹ̀ tó yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ rẹ̀, apá tó ń ta kìjí fún ẹ̀rù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira sí àwọn àwòrán tí wọ́n fi hàn án. Ẹ má ṣe gbàgbé apá kejì ìtàn náà: ó ti fi okùn gun ọ̀nà yẹn léraléra, ó sì há ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń lọ sórí. Fídíò tí ẹ rí lórí fóònù kì í fi ìyẹn hàn.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, mo máa ń ṣe ohun tí n kò lè ṣe ní èmi nìkan. Kí ló fà á?

Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀. Ní 2005, àwọn olùwádìí méjì, Gardner àti Steinberg, ní kí àwọn èèyàn fi ẹ̀rọ wa ọkọ̀ nínú eré kan, àwọn kan ní àwọn nìkan, àwọn mìíràn níwájú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 fi ara wọn wewu púpọ̀ sí i nígbà tí ẹgbẹ́ ń wò wọ́n, àwọn ọmọ ọdún 18 sí 22 náà ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ti tó ọdún 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Fóònù ti wá di ẹgbẹ́ tí kì í lọ sílé. Àwọn olùwádìí kan ka ìròyìn ikú 259 tó ṣẹlẹ̀ nídìí yíya fọ́tò ara ẹni láàárín 2011 sí 2017. Omi ló kó èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe òkè. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá dúró létí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja.

Ẹ fi í ṣòfin kí ẹ tó kúrò nílé: ẹnikẹ́ni nínú ìrìn náà, títí dórí ẹni tó kéré jù, lè sọ pé “ó tó,” gbogbo yín á sì padà láìbéèrè ìdí. Lọ́dọ̀ wa ọmọdé kì í já àgbà lọ́rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àgbà fúnra rẹ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà yẹn fún un ṣáájú.

Mo ní akoto, mo ní okùn, bàbá mi sì ṣe ààbò fún mi. Ṣé kò tó?

Ohun ààbò ń ṣiṣẹ́. Akoto ń dín ikú ọlọ́kadà kù ní nǹkan bíi ìpín 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní nǹkan bíi 69. Àmọ́ bí ààbò bá ti dé, èèyàn á máa ná an. Bill Booth, tó ṣe púpọ̀ nínú àtúnṣe párásúùtù, sọ pé bí irinṣẹ́ bá ṣe ń dára sí i ni àwọn afò ń fi kún ewu tí wọ́n ń gbé. Láti 1991 ni ẹ̀rọ Cypres ti ń ṣí párásúùtù kejì fúnra rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣì ń já bọ́ kíákíá ní nǹkan bíi mítà 225 sílẹ̀. Ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là. Ikú wá ṣí lọ síbi mìíràn: àwọn kan ń kú lábẹ́ párásúùtù tó ṣí dáadáa, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi eré yí wálẹ̀ bí ẹyẹ àṣá.

Bákan náà ni ti àdúrà, ti oògùn náà kò yàtọ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà bi ara yín: bí n kò bá ní nǹkan yìí lára, ṣé màá ṣì gba ibí yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ má gbà á.

Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà, ṣé ó lè gbé èèyàn?

Yóò gbé e bó bá rọra so mọ́ ọn. Kò ní gbà á bó bá já bọ́. Okùn gígun àpáta ń nà, nínà yẹn ló ń gba agbára ìjábọ́ kúrò lára egungun ìdí. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ó gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n kìlógíráàmù 80 dúró nínú ìjábọ́ líle, ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún. Okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, oòrùn ń jẹ ẹ́, ó sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 165 ìwọ̀n Celsius, ooru tí fífi okùn ha okùn lè mú wá.

Bí ẹ bá ní okùn gidi, ẹ fi ọwọ́ fà á kọjá láti orí dé ìdí. Ibi tó bá rọ̀ jù, tó pẹlẹbẹ, tó dán bí ohun tó jóná, tàbí tí funfun inú ti yọ, ẹ gé e níbẹ̀. Kókó tó rí bíi òǹkà 8 ni kí ẹ ta, ìrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po 10 nínípọn okùn. Ẹlòmíì ni kó fọwọ́ kàn án, kó sì dárúkọ ohun tó rí sókè.

Báwo ni mo ṣe lè wọn ewu ọjọ́ kan kí n tó kúrò nílé?

Inú ilé ni kí ẹ ti ṣe é, torí pé lórí òkè, ọkàn yín á ti wà nídìí àtiparí rẹ̀. Ní Everest, òkè tó ga jù láyé, lóṣù karùn-ún 1996, àwọn ẹgbẹ́ agunkè ti ní wákàtí tó yẹ kí wọ́n yí padà, aago méjì ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ kọjá rẹ̀, torí pé ṣóńṣó ti wà lójú. Ìjì dé, èèyàn 8 kú.

Ẹ kọ ọ́ sórí bébà: aago tí ẹ máa yí padà, yálà ẹ débẹ̀ tàbí ẹ ò débẹ̀, ohun mẹ́ta tó lè pani níbẹ̀ àti ohun tí ẹ máa ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó wà nílé tó mọ ibi tí ẹ lọ. Lásìkò òjò, ẹ fi òwúrọ̀ gòkè, kí ẹ ti sọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà. Bí àrá bá dún kí ẹ tó ka 30 dé, ó ti sún mọ́ jù. Ẹ tún kọ bí ẹ ó ṣe gbé ẹni tó ṣèṣe délé ìwòsàn àti iye wákàtí tí yóò gbà. Kókósẹ̀ tó dá lẹ́yìn Kàbà yàtọ̀ sí èyí tó dá nínú igbó Bùnú lálẹ́. Ìṣísẹ̀ kan náà ni, ewu rẹ̀ ni kò dọ́gba, èyí sì ni ohun tí ojú kì í rí rárá lórí àpáta.

Ọmọ mi ò gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

“Wàá kú síbẹ̀” kì í ṣiṣẹ́, torí ó ti lọ ó sì ti bọ̀, ó ti rí i pé òun ò kú. Ẹ ní kó fi bébà tí a sọ lókè yìí hàn yín.

Bí ẹnì kan bá já bọ́ ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá òkúta ṣì ń bọ̀ lókè. Ẹ má ṣe fà á dìde, ẹ má sì fún un lómi. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìṣíwọ́. Ẹ di orí àti ọrùn mú gbọn-in, ẹ pe 112, kí ẹ sì rán ẹni méjì lọ sójú títì. Bó bá ń rọ̀ dirodiro nínú bẹ́líìtì láìmira, ẹ tètè sọ ọ́ kalẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ń dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, èèyàn sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ tó ní ibi títẹ́jú ni kí ẹ fi gbé e. Ọ̀kadà kọ́.

Kí ló yẹ ká ṣe nígbà tí a bá padà láyọ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ìtàn tó di àwàdà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀, ibi tí ọkàn rẹ̀ ti fò, àti ohun tí ẹ ti pinnu nílé tí ẹ kò tẹ̀ lé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bí ohun kan náà bá yọjú lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé yẹn, ẹ má padà síbẹ̀ títí ẹ ó fi tún un ṣe.